Ejò tí Wọ́n Ní Ó Lórí Méjì

Àárọ̀ Sátidé kan ni. Mo jókòó ti maṣíìnì mi, mo ń lẹ àpò mọ́ kóòtù funfun kan, nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnìkan kígbe Jésù ní ẹ̀yìnkùlé. Ní Jójú níbi tí mò ń gbé, kì í ṣe gbogbo ìgbà tí èèyàn bá gbọ́ Jésù ló máa ń dìde. Àdúrà lè gbóná, wọ́n sì lè ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé. Ṣùgbọ́n igbe mìíràn tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún gìrìgìrì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi. Mo fi aṣọ sílẹ̀, mo jáde.

Fúláàtì mẹ́rin ló wà nínú ọgbà wa. Èmi wà nísàlẹ̀, níwájú, nítorí pé yàrá iwájú ni mo sọ di ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ iṣẹ́ ni mo máa ń rán: ofáróòlù fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó yí wa ká, àti kóòtù láàbù fún àwọn olùkọ́ àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà lójú ọ̀nà Ìdírókò. Ẹni tó ń kígbe lọ́jọ́ náà ń gbé lókè orí mi. Díákónẹ́ẹ̀sì ni nínú ìjọ wọn, obìnrin tí ara rẹ̀ yá, tó máa ń gbá gbogbo ọgbà láì dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo ṣàìsàn lọ́dún tó kọjá, òun ló ń gbé ògì gbígbóná sọ̀kalẹ̀ fún mi láràárọ̀. Mi ò ní í fi ìyẹn pamọ́. Bóyá oore yẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí tó bó ṣe dùn mí.

Ó dúró sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ tútù ní èjìká, ó ń nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn fúláàtì kejì, níbi tí dúrọ́ọ̀mù omi wà.

Ìyá àgbà kan ló jókòó sórí àpótí níbẹ̀. Ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba fúláàtì náà ni. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin ni ọmọ yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀yọ́ nígbà tí ojú ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí kò sì sí ẹni tó máa bá a pọn omi níbẹ̀ mọ́. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó dé. Ohun tí mo mọ̀ mọ́ ọn kò ju pé kó jókòó síta kí oòrùn àárọ̀ lè ta sí i lórúnkún, kó sì máa kí ẹni tó bá ń kọjá. Ìró ẹsẹ̀ wa ló fi ń dá wa mọ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò ti sọ pé, "Aránṣọ mi, ṣé o jí ire?"

Ejò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sálúbàtà rẹ̀. Kò gùn ju apá mi lọ, ó sì ki bí ọwọ́ odó kékeré tí wọ́n fi ń gún ata. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, àmì pupa rẹ́súrẹ́sú sì wà káàkiri ara rẹ̀. Kò gbé ọrùn sókè, kò yọ ahọ́n, kò lé ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń gbìyànjú láti ki orí bọ abẹ́ sálúbàtà ni. Ẹ̀rù ba èmi náà. Láti kékeré ni ejò ti ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá rí bẹ́líìtì nílẹ̀ nígbà tí kò síná, àyà mi á kọ́kọ́ já.

"Ẹ wò ó dáadáa," ni díákónẹ́ẹ̀sì wí. "Orí méjì ló ní. Orí wà níwájú, orí wà lẹ́yìn."

Gbogbo wa wò ó. Lóòótọ́, ìdí ejò náà kò tín-ín-rín bí ìrù àwọn ejò tí a ti ń rí. Ó rí róbótó bí orí, ejò náà sì ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń mì í sọ́tùn-ún, ó ń mì í sósì, bí ẹni pé ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra dìde. Ejò wà lẹ́sẹ̀ yín."

"Ejò kẹ̀? Níbo?" Ó nawọ́, ó ń wá ọ̀pá rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fà á dìde. Kò sáré, nítorí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó sáré. Kò pariwo, nítorí kò rí ohun tí à ń pariwo lé lórí. Ohun tí wọ́n fi dá a lẹ́bi nìyẹn.

"Ṣé ẹ rí i pé ẹ̀rù kò bà á?" ni díákónẹ́ẹ̀sì wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ó sì wá burú ju ìgbà tó ń kígbe lọ. "Ejò wá jókòó ti èèyàn, kò bù ú jẹ, òun náà kò sì sá. Eléyìí kì í ṣe ojú lásán."

Èèyàn ti kún ẹ̀yìnkùlé nígbà náà. Àwọn tó ń kọjá lójú títì gba ẹnu géètì wọlé. Fóònù ti jáde, wọ́n ń ya fídíò. Wọ́n ya ejò, wọ́n tún gbé fóònù kúrò lára ejò, wọ́n ya ojú ìyá náà. Obìnrin kan tí mi ò rí rí ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù tirẹ̀ pé, "Ẹ wá wo ìyá tó ni ejò." Ta ló sọ fún un pé ìyá ló ni ejò? Kò tíì tó ìgbà tí ọ̀dùnkún fi ń hó lórí iná tó ti wọlé.

Onílé wa dé. Òdìkejì títì ló ń gbé. Ọmọ Ọ̀tà pọ́ńbélé ni, bàbá tí irun rẹ̀ ti funfun tán, tí gbogbo àdúgbò sì ń bọ̀wọ̀ fún. Ó mú àdá dání. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé ti gbé ike kẹrosíìnì tẹ̀ lé e. Bàbá wo ejò, ó mi orí.

Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti kọ́ ilé yìí, olórí méjì kò wọ ibẹ̀ rí. Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sínú ilé?"

Wọn kò nílò láti dáhùn, ojú gbogbo wọn ti lọ sí ibì kan náà. Ìyá náà sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di apá mi mú, ó ń yí orí síbí sọ́hùn-ún láti mọ ibi tí ohùn ti ń wá. Mo wo ọmọ rẹ̀. Ó ti jáde síta pẹ̀lú ofáróòlù iṣẹ́ òru lọ́rùn, èyí tí èmi fúnra mi rán. Ó ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin tó lè gbé irin gbígbóná, kò lè gbé ojú sókè kó sọ pé ìyá òun nìyí.

Ike ọ̀dà ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù, èyí tí a fi ń gbọ́n omi. Mo gbé e, mo fi dé ejò náà mọ́lẹ̀, mo sì jókòó lé e lórí.

"Màdáámù, ẹ dìde," ni onílé wí. "Ẹ jẹ́ ká pa nǹkan burúkú yìí."

"Ẹ ò ní í pa á, Bàbá."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ ni. Ẹ ní orí méjì ló ní. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ ejò wò ó. Bó bá lórí méjì, èmi fúnra mi ni màá ṣáná sí i."

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìfẹ́ ejò ló gbé mi jókòó síbẹ̀. Mò ń gbọ́ tó ń fi ara ra ike nísàlẹ̀ mi, ohùn kékeré bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa aṣọ siliki lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Bí wọ́n bá sun ejò yẹn, eérú kò ní í jẹ́rìí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní orí mẹ́ta ló ní. Kó tó di ìsìn ọjọ́ Àìkú, wọ́n á ní ó pe ìyá náà lórúkọ. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí obìnrin yẹn ní lábẹ́ ọ̀run wà nínú ike tí mo jókòó lé.

Mo fi fóònù pe ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi, olùkọ́ kan ní yunifásítì náà tó ń kọ́ni nípa ẹranko. Kóòtù rẹ̀ ló wà lórí maṣíìnì mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo sọ bó ṣe rí fún un.

Ó ní, "Ṣé ó ti bu ẹnikẹ́ni jẹ?"

"Rárá."

"Mo ní ohun tí mò ń rò, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i, mi ò sì lè sọ pé kò lóró. Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mi ò lè dé Jójú kíákíá. Ṣé ẹ lè gbé e wá sí Ìyànà Ìyẹ̀sí? Màá jáde wá pàdé yín."

Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣe é. Mo ní kí wọ́n bá mi mú pákó pẹlẹbẹ tí mo fi ń gé aṣọ wá. Kò sí ẹni tó mira. Ìyá àgbà ni mo ní kó dúró sójú kan, mo lọ mú pákó náà fúnra mi, mo sì ń wẹ̀yìn bóyá onílé máa gbé ike. Kò gbé e. Mo ki pákó bọ abẹ́ ike díẹ̀díẹ̀, mo di méjèèjì mọ́ra, mo yí i padà. Ejò náà jábọ́ sí ìsàlẹ̀. Mo fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu ike kí atẹ́gùn lè máa wọlé, mo fi rọ́bà so ó pinpin. Àwọn tó ń ya fídíò sún sẹ́yìn fún mi bí ẹni pé èmi ni mo lórí méjì.

"Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má gbé e padà," ni onílé wí. Ó wá yíjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Ìwọ náà, mi ò fẹ́ wàhálà. Wá ibòmíì tí ìyá ẹ á máa gbé."

Mo ní, "Bàbá, ẹ ní sùúrù kí n dé." Mo sún mọ́ ọmọ náà. "Má ṣe ohunkóhun títí màá fi padà. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Àǹtí," ó wí, ṣùgbọ́n kò wò mí.

Mo háyà kẹ̀kẹ́ Márúwá kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó tì mí. Ẹ̀yìn ọgbà wa ló gbà jáde sí títì ńlá, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ohun tó yẹ kí gbogbo wa ti rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Igbó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa tẹ́lẹ̀. Ọ̀pẹ wà níbẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń rọ̀ láti òjò dé òjò. Katapílà ti kó gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ọ̀pẹ wà nílẹ̀ gbalaja, gbòǹgbò wọn yọ síta, ilẹ̀ pupa sì ga débi pé ó ti wó lé ara fẹ́ǹsì wa níbì kan. Láti ìgbà tí iṣẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ la ti ń rí eku nínú ilé ìdáná, aláǹgbá ńlá nínú ilé ìwẹ̀, àkekèé lábẹ́ ẹní. Kò sí ẹni tó béèrè pé ta ló rán eku. Ìdílé onílé wa ló ta ilẹ̀ náà, bàbá tó mú àdá wá yìí sì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Ó wá ń bi wá pé ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Mo gbé ike lé ẹsẹ̀ títí a fi kọjá Ṣàngó, tí a fi wọ ọ̀nà Ìdírókò. Títì ibẹ̀ kò dára. Nígbàkigbà tí kẹ̀kẹ́ bá já sí kòtò, ejò náà á ṣí kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì, èmi náà á sì di ike mú bí ẹni tó gbé ọmọ. Awakọ̀ bi mí pé ṣé ẹja ni. Mo ní nǹkan olùkọ́ kan ni. Mi ò purọ́.

Olùkọ́ náà ti dúró dè mí ní Ìyànà Ìyẹ̀sí. Ariwo àwọn tó ń pe èrò àti àwọn tó ń tajà pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà a kúrò lójú títì, a bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń ta òdòdó inú ìkòkò, lábẹ́ ìbòòji. Ó wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ó tú aṣọ, ó yọjú sínú ike. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ wò ó," ó wí.

Ejò náà ti wé ara rẹ̀ jọ róbótó bí òṣùká. Orí rẹ̀ wà láàárín, ó fi ara bò ó. Ìrù nìkan ló yọ síta, ó ń gbé e sókè. Olùkọ́ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó sì dúró jẹ́ẹ́ títí ó fi tú ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yà á ní fọ́tò, ó wá fẹ ojú fọ́tò náà kí n lè rí i. Ẹ̀gbẹ́ kan ní ojú kéékèèké méjì àti ẹnu. Ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní ojú, kò ní ẹnu, kò ní nǹkan kan bí kò ṣe àpá.

"Ìrù ni," ó wí. "Ìbátan òjòlá ni, ṣùgbọ́n kì í tóbi. Abẹ́ ilẹ̀ àti abẹ́ ewé jíjẹrà ló ń gbé. Kò lóró rárá. Ọmọ eku tí kò tíì lajú ló ń jẹ. Ó máa ń wọ inú ihò wọn, bó bá sì ń jẹ wọ́n lọ́wọ́, ìyá eku á máa bu ìrù yìí jẹ, á rò pé orí ni. Ohun tó fa àpá yìí nìyẹn. Àwọn èèyàn ń pè é ní olórí méjì, orúkọ yẹn ló sì ń pa á."

"Ṣé kò lè bu èèyàn jẹ?"

"Mi ò tíì rí èyí tó bu èèyàn jẹ rí. Bí ẹ̀rù bá bà á, ohun tí ẹ rí yìí ló ń ṣe. Á fi orí pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí ṣe òdiwọ̀n fún ejò mìíràn o."

Mo fi ìka kan kàn án. Ó tutù, ó sì ń dán bí sátínì tí wọ́n fi ń tẹ́ inú kóòtù. Mo ronú pé ohun tí gbogbo àdúgbò kó àdá àti kẹrosíìnì dè nìyí, ẹ̀dá tí kò mọ̀ ju kó fi orí pamọ́ lọ, inú sì tún bí mi sí i. Mo ní kí olùkọ́ bá mi sọ gbogbo ohun tó sọ yẹn sínú fóònù mi, ní Yorùbá, kó fi ojú ejò hàn, kó fi ìrù hàn. Ó ṣe é dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wakọ̀ gbé wa lọ sí ibi tí igbó díẹ̀ ṣẹ́kù lẹ́yìn oko yunifásítì wọn. Ó gbé ejò náà sílẹ̀ lórí ewé gbígbẹ. Kò wo ẹ̀yìn. Ó ki orí bọ abẹ́ ewé, ara tẹ̀ lé e, ìrù gbẹ́yìn, ilẹ̀ sì padà sí bó ṣe wà.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí fóònù mi dún. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Mo ti mú ìyá mi dé gáréèjì Ṣàngó."

"Kí ni mo sọ fún ẹ?"

Mo ní kí ọkọ̀ má tíì gbéra, kó dá a dúró bó bá gbà kó dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀. Olùkọ́ gbé mi dé ojú títì, mo wọ bọ́ọ̀sì, gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń bá a jà nínú ọkàn mi.

Nígbà tí mo dé gáréèjì, ìyá ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀yọ́, ó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ọmọ rẹ̀ dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì àti omi tó rà fún un. Mo fi ìka gún un láyà.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá nìyí? Ejò náà kò lórí méjì. Kò lóró. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi. Kí ló dé tí o kò lè dúró?"

Ó ní, "Àǹtí, fídíò yẹn ti dé ibi iṣẹ́ mi. Wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ sí mi pé ṣé ìyá mi nìyẹn. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe. Bí àwọn èèyàn bá ya wọlé tí mi ò sí nílé, ta ló máa gbà á lọ́wọ́ wọn? Ṣé ẹ̀yin lè gbà á?"

Mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ìyá tí wọ́n bá pè ní àjẹ́. Òun náà ti gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì hàn pé kì í ṣe àìsùn nìkan ló fà á. Ìbínú mi kúrò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò nínú mi.

"Aránṣọ mi, má bá a wí," ni ìyá sọ láti ojú fèrèsé. Ó ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Mo wọlé, mo jókòó tì í, nítorí ọkọ̀ kò tíì kún.

Mo ní, "Orí kan ló ní, Màmá. Ìrù rẹ̀ ló rí róbótó. Ọmọ eku ló ń jẹ. Nígbà tó bá ń bẹ̀rù, á fi orí pamọ́, á wá na ìrù síta."

Ó ní, "Ibo ni wọ́n wá gbé e lọ?"

"Inú igbó kan. Wọn ò pa á."

"O ṣeun." Ó fọwọ́ pa báàgì rẹ̀. "Wọn ì bá mà ti pa á nítorí mi."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká padà sílé. Mo ní màá fi ohun tí olùkọ́ sọ hàn wọ́n, gbogbo wọn á gbọ́, ojú á tì wọ́n.

Ó ní, "Ojú mi ni kò ríran, ọmọ mi, etí mi dá ṣáká. Mo gbọ́ ohùn ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó pè mí báyìí lónìí, bí mo bá wúkọ́ lọ́la, á ní mò ń pe àwọn ẹgbẹ́ mi. Mi ò lè máa ṣọ́ ikọ́ mi nínú ilé ọmọ mi. Jẹ́ kí n lọ."

Ọkọ̀ kún. Mo sọ̀kalẹ̀. Kò sunkún, ó kàn ń yí orí tẹ̀ lé ohùn wa títí ọkọ̀ fi yọ sójú títì. Èmi ni mo sunkún, láàárín àwọn agbérò, mi ò sì bìkítà ẹni tó ń wò mí.

Nígbà tí mo délé, oòrùn kò tíì wọ̀. Wọ́n ṣì kóra jọ sẹ́nu géètì. Mo yí ohùn fóònù sókè, mo gbé e sí wọn lójú. Wọ́n wo ejò lọ́wọ́ olùkọ́, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n wo àpá ìrù rẹ̀. Ẹni tó gbé kẹrosíìnì wá láàárọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Háà, ìrù ni lóòótọ́," bí ẹni pé àlọ́ ni mò ń pa fún un. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lọ.

"Ọ̀mọ̀wé rí ejò," ni díákónẹ́ẹ̀sì wí. "Kò rí ohun tó wà lẹ́yìn ejò."

Mo ní, "Katapílà ló wà lẹ́yìn ejò. Ẹ gun òkè yín, ẹ wo ẹ̀yìn fẹ́ǹsì láti fèrèsé. Bàbá, igbó tí ẹ tà ló da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sí wa lára. Ìyá yẹn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Òun lẹ lé jáde."

Onílé wo ilẹ̀. "Ilẹ̀ ìdílé ni," ó wí, ó sì kọjá sí òdìkejì títì. Kò ní kí ìyá padà wá, kò sì ní pé òun ṣì í wí. Títí di òní, kò sọ ọ́.

Fídíò tiwọn kò dúró. Mo bẹ àwọn tí mo mọ̀ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n ní àwọn ti yọ ọ́. Kò pẹ́, ẹnìkan nínú ẹbí mi ní Ọ̀ṣun fi ránṣẹ́ sí mi pé Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀, kí n ṣọ́ra. Ojú ìyá hàn kedere nínú rẹ̀, ó ń yí orí, ó di apá ẹnìkan mú. Apá mi ni. Fídíò olùkọ́ náà, tí mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí mo ní nọ́ńbà wọn, kò kọjá ọ̀dọ̀ wọn. Kò sí ẹni tó ń fi òótọ́ tó rọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

Mo máa ń pe ìyá. Ara rẹ̀ le. Ọmọ àbúrò rẹ̀ kan ti kó tọ̀ ọ́, òun ló ń bá a pọn omi.

Nígbà tó ṣe, díákónẹ́ẹ̀sì gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, léèsì àwọ̀ ewé kan tó dára. Àjọ̀dún ìjọ wọn ń bọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti na apá kí n wọ̀n ọ́n. Mo ká aṣọ náà, mo dá a padà lé e lọ́wọ́. Mo ní mo ní nọ́ńbà ìyá. Mo ní kó jókòó kí n pè é, kó sọ fún un pé òun ṣì í wí, lẹ́yìn náà màá rán aṣọ náà fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó wo fóònù lórí tábìlì. Ó ní, "Aládùúgbò ni wá o."

Mo ní, "Aládùúgbò ni òun náà."

Ó gbé aṣọ rẹ̀, ó gun òkè lọ. Mo ṣì ń kí i bí a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, òun náà ń dá mi lóhùn. Mo gbọ́ pé ẹlòmíì ló rán an fún un ní Ṣàngó, àti pé èjìká rẹ̀ fún un ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà.